Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fẹ́ Fi Ta Ẹgbẹ́ Lọ́rẹ: Ta Ni Yóò Jẹ́ Olówó Rẹ̀?

 

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òṣèlú ti fẹ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Ìdílé kan ní àdúgbò wa ní ọkọ̀ Toyota Sienna oníjòkòó mẹ́jọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi í ń gbé lọ sílé ìwé ti dàgbà, wọ́n ti lọ, bàbá àti ìyá nìkan ló kù nílé, ọkọ̀ sì wà nínú àgbàlá. Dípò kí wọ́n tà á, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ta ẹgbẹ́ wa lọ́rẹ, kó máa gbé aláìsàn, kó máa gbé òkú lọ sílé, kó máa gbé àwọn àgbà lọ sípàdé ní Ṣábẹ̀ẹ́ àti Kétu. Sàárà ni wọ́n pè é. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn gan-an. Kí Ọlọ́run san án fún wọn.

Àtìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti jáde, onírúurú ohùn la ti ń gbọ́. Àwọn kan ní ká lọ gba kọ́kọ́rọ́ lónìí. Àwọn kan ní ká tà á, ká fi owó rẹ̀ sápò ẹgbẹ́. Àmọ́ èyí tó gbóná jù ni ti ẹnì kan tó ń wá ipò, tó ní òun yóò tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, òun yóò ra táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun yóò sì kùn ún ní ọ̀dà tuntun. Ọ̀dà àwọ̀ wo? A ò tíì béèrè, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ àwọ̀ tí yóò jẹ́.

Èrò tiwa ni pé ká gba ọkọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ti ẹgbẹ́ tọkàntara: ní orúkọ, àti ní owó tí yóò máa gbé e rìn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń wá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí carte grise ni ìjọba mọ̀ sí olówó ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbá ènìyàn lójú ọ̀nà Tchaourou, orúkọ yẹn ni ọlọ́pàá yóò kọ́kọ́ wá. Bí olówó bá sì kú, àwọn ọmọ lè ti Cotonou tàbí Paris dé, kí wọ́n ní ọkọ̀ bàbá àwọn dà? Wọn ò purọ́, ìwé ló ń jẹ́rìí wọn. Ọ̀rẹ tí a fẹnu ṣe níwájú ìjòyè dára, ṣùgbọ́n ẹni tó jẹ́rìí lónìí lè máà sí nílé lọ́dún márùn-ún sí i. Nítorí náà, kí bàbá àti ìyá jọ fọwọ́ sí ìwé ọ̀rẹ, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i ní mérì, lẹ́yìn náà kí ẹgbẹ́ gbé e lọ sí ANaTT kí carte grise yí orúkọ padà. Kì í ṣe sí orúkọ ààrẹ ẹgbẹ́ o. Kì í ṣe sí orúkọ akápò. Sí orúkọ ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kò lè ní dúkìá lórúkọ ara rẹ̀. Tiwa ní récépissé. Kí akọ̀wé wá a jáde nínú dúrọ́ọ̀ tó ti ń sùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ọkọ̀ kì í mu omi. Ìwé àdéhùn CIMA, tí orílẹ̀-èdè wa bá àwọn yòókù fọwọ́ sí ní Yaoundé ní 1992, sọ assurance di dandan fún gbogbo ọkọ̀ tó ń rìn. Visite technique wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, bátìrì àti owó dírẹ́bà wà níbẹ̀. Permis B tó fún ẹni tí yóò wà á, torí ìjókòó rẹ̀ kò ju mẹ́sàn-án lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ń dá ọgbọ́n pé ká máa gba owó lọ́wọ́ èrò kó lè bọ́ ara rẹ̀, kó rántí pé assurance ọkọ̀ ara ẹni kì í bo iṣẹ́ takisí. Ọjọ́ tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ la ó mọ iye tí ọgbọ́n yẹn jẹ́.

Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ àwọn àgbàlá kan. Projet kan á kó ọkọ̀ wá láti òkè òkun, gbogbo ayé á pàtẹ́wọ́. Projet á parí, owó epo á bá a parí. Láàárín oṣù mẹ́fà ewúrẹ́ ti ń sùn lábẹ́ ọkọ̀. Láàárín ọdún méjì ẹnì kan ti yọ bátìrì, ẹlòmíì ti yọ ìjókòó fi ṣe àga nílé. Nígbà tí wọ́n bá fi máa kọ ìwé réforme tí wọ́n á gbé e sí gbàǹjo, irin lásán ló kù. Kì í ṣe pé ọkọ̀ burú. Kò sẹ́ni tó ya owó táyà sọ́tọ̀ ni.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí akápò ní owó assurance ọdún kan àti owó táyà mẹ́rin lọ́wọ́ kí ẹnikẹ́ni tó gba kọ́kọ́rọ́. Fránkì 500 lóṣù láti ilé kọ̀ọ̀kan kò lè pa wá. Kí mẹ́káníìkì tí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yàn sì yẹ ọkọ̀ náà wò, pàápàá bíréèkì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 ló jáde láti Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà, Áfíríkà ló sì gba èyí tó pọ̀ jù. Ọkọ̀ tí a ń sọ yìí náà ti darúgbó díẹ̀ kó tó gúnlẹ̀ sí Cotonou. A ò gbọ́dọ̀ fi gbé aboyún tó ń rọbí lọ sí CHUD láìmọ̀ bóyá yóò dúró nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́.

Ní ti àwọn tó ní ká tà á, a ò bá wọn jà. Ní Amẹ́ríkà, ó wọ́pọ̀ pé kí ènìyàn fi ọkọ̀ àlòkù ta ẹgbẹ́ aláàánú lọ́rẹ kí owó orí rẹ̀ lè dín kù, títà ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ń tà á. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn aṣàyẹ̀wò ìṣirò ìjọba níbẹ̀ tọpasẹ̀ ọkọ̀ 54 ní 2003, wọ́n rí i pé lórí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, ohun tó dé ọwọ́ ẹgbẹ́ kò ju ìdá 5 nínú 100 iye tí olùtọrẹ kọ sínú ìwé. Olùtọrẹ ti bu iye lé e, alágbàtà sì ti jẹ tirẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2004 ló wá sọ pé bí iye tí o kọ bá ju dọ́là 500 lọ, tí ẹgbẹ́ sì tà á, iye tí wọ́n tà á gan-an ni kí o kọ, àfi bí ẹgbẹ́ bá fi ọkọ̀ náà ṣiṣẹ́ ní tòótọ́ tàbí tó fi ran aláìní lọ́wọ́. Bí àwa náà bá tà á, kí ìwé títà rẹ̀ wà lára ògiri ilé ìpàdé, kí ìdílé tó fi í ta wá lọ́rẹ sì ti gbà kó tó di títà.

Ó ku ọ̀gbẹ́ni ọlọ́dà. Ìdìbò aṣòfin àti ti kòmúùnù jẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kìn-ín-ní 2026, ti ààrẹ sì jẹ́ ọjọ́ 12 oṣù kẹrin. Òfin ìdìbò orílẹ̀-èdè wa ka ẹ̀bùn owó tàbí ti nǹkan tí a fi ń wá ìbò léèwọ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìdìbò títí tí yóò fi parí. Ẹ́ńjìnnì ọ̀fẹ́ ní àkókò yìí, kí la fẹ́ pè é? Nínú ẹgbẹ́ yìí, oríṣiríṣi ẹgbẹ́ òṣèlú la wà, a sì jọ ń sin òkú ara wa. Ọkọ̀ tó bá ru àwòrán ẹnì kan lówùúrọ̀, ìdajì wa kò ní fẹ́ gbé bàbá wọn sínú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. A bẹ àwọn ìjòyè wa kí wọ́n bá a sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìbú u. Bí ó bá ṣì wù ú láti ṣe é lẹ́yìn ìdìbò, bóyá ó wọlé tàbí kò wọlé, kó mú táyà wá. Ọ̀dà ni a ò fẹ́.

Ìdílé náà ti sọ pé àwọn lè dúró dè wá títí oṣù yìí yóò fi parí. Kí akọ̀wé mú récépissé wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kí akápò sì mú ìwé ìṣirò tirẹ̀ dání.