Ẹ Má Fi Fóònù Dọdẹ Ọmọ Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń tà, tí ẹ ń rà ní ọjà Kejetia ní Kumasi, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Asawase àti Aboabo, àti ẹ̀yin ọmọ Asante tí ẹ gbà wá lálejò, gbogbo wa lọ̀rọ̀ yìí kàn. Àwọn ọmọ kan wà láàárín wa tí ọkàn wọn kò fà sí ibi tí ti ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà sí. Ọkùnrin ń fẹ́ ọkùnrin, obìnrin ń fẹ́ obìnrin, àwọn kan sì ń fẹ́ méjèèjì. Àwọn mìíràn tún wà tí a kì í sábà gbọ́ nípa wọn, àwọn tí ìbálòpọ̀ kò wù rárá, láìṣe pé wọ́n ń ṣàìsàn tàbí pé wọ́n jẹ́ ẹ̀jẹ́. Wọn kò rí ẹni bá sọ ọ́ nílé, ni wọ́n bá gbé e lọ sórí Facebook àti TikTok. Ibẹ̀ ni àwọn ìkà ti ń dọdẹ wọn.

Bí wọ́n ṣe máa ń dẹ ẹ́ nìyí. Ẹnì kan á fi fọ́tò tó dáa síwájú, á máa bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ dídùn ní alaalẹ́ títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀, á wá ní kó wá kí òun. Bó bá ti wọlé, wọn á ti ilẹ̀kùn, àwọn mẹ́ta mìíràn á yọ láti inú yàrá kejì, fóònù á ti máa ká a sílẹ̀. Wọn á bọ́ aṣọ lára rẹ̀, wọn á ní kó dárúkọ ara rẹ̀, kó dárúkọ bàbá rẹ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ń lọ. Wọn á gba nọ́ńbà àṣírí mómò rẹ̀, owó orí fóònù, wọn á gbá gbogbo owó ibẹ̀. Kò tíì tán o. Lọ́sẹ̀ kejì wọn á tún pè é pé bí owó kò bá wọlé, fídíò á dé ọwọ́ ìyá rẹ̀. Kito ni wọ́n ń pe irú ìdẹkùn yìí ní Nàìjíríà. Ọmọbìnrin tó bá sì kọ ọ́ sórí ayélujára pé ìbálòpọ̀ kò wu òun, àwọn ọkùnrin tí kò mọ̀ rí á máa kọ̀wé sí i pé tipátipá làwọn máa fi wò ó sàn.

Ẹ má sọ pé eré ni. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016, ní abúlé kan lẹ́yìn Kumasi, ìyá kan kó èrò jọ láti lu ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ àti obìnrin kejì, nítorí ó fura pé wọ́n ń fẹ́ra. Àwọn méjèèjì sá kúrò lábúlé. Àjọ Human Rights Watch kọ ọ́ sínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2018. Ìfura lásán ló wà lọ́wọ́ ìyá yẹn. Lónìí, fídíò ìṣẹ́jú kan lè fi irú ìfura bẹ́ẹ̀ sọ́wọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú.

Òfin Gánà ti 1960 ti ka ìbálòpọ̀ láàárín ọkùnrin àti ọkùnrin léèwọ̀ tẹ́lẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2024, ilé aṣòfin tún fọwọ́ sí àbá kan tó fi ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 3 halẹ̀ mọ́ ẹni tó bá kàn jẹ́wọ́ pé òun jẹ́ ọ̀kan nínú irú àwọn ọmọ tí mo ń sọ yìí. Àbá náà kò yọ ẹni tí ìbálòpọ̀ kò wù sílẹ̀. Ààrẹ ìgbà náà, Akufo-Addo, kò buwọ́ lù ú títí sáà ilé aṣòfin náà fi parí, àwọn aṣòfin sì tún gbé e padà wá ní 2025. Irú àbá yìí ló ń ki àwọn gbájúẹ̀ láyà. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tí àwọn jà lólè kò ní lè dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bẹ́ẹ̀, òfin ààbò orí ayélujára ti 2020, Act 1038, ti sọ ọ́ di ọ̀ràn láti fi àwòrán ìhòòhò ènìyàn halẹ̀ mọ́ ọn, tàbí láti pín in kiri láìgbàṣẹ. Òfin yẹn kò ní ká kọ́kọ́ bèèrè ẹni tí onítọ̀hún ń fẹ́.

Àwa Yorùbá ló sì yẹ kó kọ́kọ́ bẹ̀rù. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Gánà lábẹ́ Busia fún àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò tí wọ́n ti tàjà títí wọ́n fi bímọ síbí fi ìsọ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé ẹrù lérí. Ní 1983, ìjọba Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ sí àwọn ará Gánà. Pàṣán tí wọ́n fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ẹni tí wọ́n ti lé rí nítorí ohun tó jẹ́, báwo ni yóò ṣe máa bá wọn lé ẹlòmíràn?

N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn Bíbélì tàbí Àlùkùránì. Ẹni tó bá gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, kó gbàdúrà. Olè jíjà àti lílu ọmọ ọlọ́mọ kì í ṣe àdúrà.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá sá wálé tòun ti ẹkún, ẹ má kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó lọ ṣe nínú yàrá yẹn. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ ìhàlẹ̀ inú fóònù rẹ̀ rẹ́, ẹ̀rí ni. Ẹ má san owó kún owó. Ẹ pe 292, nọ́ńbà àjọ tó ń rí sí ààbò orí ayélujára. CHRAJ, àjọ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, náà ní ọ́fíìsì ní Kumasi. Ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú fídíò bẹ́ẹ̀ sínú gúrúpù WhatsApp wa, ẹ pa á rẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ onítọ̀hún kúrò, kó sì wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú àgbà ní ìpàdé tó ń bọ̀.