Ẹ Jẹ́ Kí Àgbàlagbà Fẹnu Ara Wọn Sọ Àìsàn Wọn

Ẹ̀yin tí òbí yín ti ń dàgbà bíi tèmi, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí.

Lọ́jọ́ kan, mo mú ìyá mi lọ sílé ìwòsàn nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ò wojú wọn, èmi ló kọjú sí: "Ṣé màmá ń lo oògùn wọn?" Mo ní wọ́n ń lò ó lójoojúmọ́. Ó bá kọ òmíràn kún un. Bí a ṣe ń padà bọ̀ wá sílé, ìyá mi ní, "Ṣé mo ti kú ni, tí ẹ fi ń sọ̀rọ̀ mi lójú mi?" Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ fún mi pé ìdajì hóró làwọn ń lò, torí pé oògùn ti wọ́n, àwọn ò sì fẹ́ kó ìnáwó bá mi. Ká ní wọ́n lo odidi, tí wọ́n tún lo tuntun mọ́ ọn, ẹ̀jẹ̀ wọn lè wálẹ̀ jù, kí òòyì sì gbé wọn ṣubú.

Dókítà jẹ̀bi, ṣùgbọ́n èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyá mi. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi ń mu ún.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti dókítà, ẹ kí àgbàlagbà kí ẹ tó bi wọ́n ní nǹkan. Ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Tíṣà kì í ṣe "màmá orí bẹ́ẹ̀dì kẹta." Bí etí wọn bá ti wúwo, ẹ má lọgun: ẹ kọjú sí wọn, kí ẹ rọra sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè máa wo ẹnu yín. Ẹ fa aṣọ ìkélé kí ẹ tó ní kí wọ́n bọ́ṣọ.

Ẹ̀yin ọmọ, bí àgbàlagbà tó ń sọ̀rọ̀ gaara lánàá bá ṣàdédé ń sọ ségesège lónìí, ẹ má sọ pé wọ́n ti ń ṣarán. Ibà, àrùn ọ̀nà ìtọ̀ tàbí àìmumi dáadáa lè fà á, ara wọn sì lè má gbóná rárá. Ẹ tètè gbé wọn lọ sílé ìwòsàn.

Láti 2012 ni ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn ti ní ibùdó ìtọ́jú tí wọ́n kọ́ fún àwọn àgbàlagbà nìkan. Ìlú tí ò ní irú rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n ìkíni, ìjókòó àti sùúrù ò gba ilé tuntun.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ẹ bá mú òbí yín lọ gba ìtọ́jú, tí wọ́n bá kọjú ìbéèrè sí yín, ẹ fèsì pé: "Màmá rèé, ẹ bi wọ́n." Lẹ́yìn náà, kí ẹ dákẹ́, kí ẹ sì gbọ́.