RFID Yege, Ta Ló Jèrè Rẹ̀?

Ẹ̀rọ RFID dára, ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ kí èyí ṣe kedere kí n tó sọ pé ẹni tí kò bá lè ka ìwé ìṣirò owó kò gbọdọ̀ kó owó rẹ̀ lé ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é. Lónìí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ti lè fi fóònù ra ìpín ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà láti Èkó tàbí Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ kan ló ń ti ọ̀pọ̀ wọn síwájú: gbogbo ayé ni yóò lo ẹ̀rọ yìí, nítorí náà ẹni tó bá tètè ra ìpín rẹ̀ yóò lówó. Òótọ́ ni apá àkọ́kọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Apá kejì ni ó ti ń já àwọn olùdókòwò kulẹ̀ láti ogún ọdún sẹ́yìn.

Ṣíìpù tín-ín-tín kan ni àmì RFID, tí wọ́n so mọ́ wáyà pẹlẹbẹ, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ ara ọjà. Bí ẹ̀rọ tó ń kà á bá rán ìgbì rédíò sí i, á fi nọ́ńbà tirẹ̀ dáhùn láìlo bátìrì, kò sì dìgbà tí a bá kọ ojú rẹ̀ sí ẹ̀rọ náà bíi ti bákóòdù. Ní ọdún 1999 ni wọ́n dá Auto-ID Center sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ohun tí wọ́n sì ń lépa ni kí owó àmì kan wálẹ̀ sí sẹ́ǹtì 5. Ní oṣù Kìíní 2003, ilé-iṣẹ́ Gillette kéde pé òun yóò ra irú àmì bẹ́ẹ̀ tó lè tó mílíọ̀nù 500 lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Alien Technology. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún náà, ilé-ìtajà ńlá Walmart pàṣẹ pé kí àwọn 100 tó ń kó ọjà jù lọ fún òun bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àmì yìí mọ́ páálí àti páléètì wọn ní oṣù Kìíní 2005. Oníbàárà tó tóbi jù lọ láyé ti sọ̀rọ̀. Kí ni olówó tún ń dúró dè?

Ohun tó tẹ̀lé e ni kí ẹ fara balẹ̀ wò. Omi máa ń fa ìgbì rédíò yẹn mu, irin sì máa ń dá a padà, nítorí náà páléètì tó kún fún omi inú ike tàbí ọbẹ̀ inú agolo kò ṣeé kà dáadáa. Àwọn tó ń kó ọjà wá tún ṣírò ó, wọ́n rí i pé àwọn ni yóò máa san owó àmì, Walmart ni yóò sì jẹ àǹfààní tó pọ̀ jù. Wọ́n ń fà sẹ́yìn, àṣẹ náà kò sì múlẹ̀ bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀. Ní 2006, Alien kọ̀wé láti ta ìpín rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, ó sì fa ìwé náà padà lọ́dún kan náà. Ọdún 2010 ni Walmart tún gba ibòmíràn yọ, ó bẹ̀rẹ̀ látorí ṣòkòtò jíǹsì àti àwọ̀tẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ yìí ti bá ilé rẹ̀ pàdé, torí pé aṣọ kì í dí ìgbì, ìwọ̀n àti àwọ̀ aṣọ tó pọ̀ lóríṣiríṣi sì ń da ìṣirò àwọn ṣọ́ọ̀bù rú. Inditex tó ni ṣọ́ọ̀bù aṣọ Zara náà gbà á. Ní 2023, ṣíìpù tó jáde lọ́dún kan ti ju bílíọ̀nù 40 lọ.

Ta wá ló jèrè? Àwọn ṣọ́ọ̀bù ni. Àmì yìí kò lè tàn kálẹ̀ àfi bó bá pọ́ọ́kú, nítorí náà ohun tó ń mú kí iye rẹ̀ pọ̀ náà ló ń já owó rẹ̀ wálẹ̀. Àwọn tó ń rà á kò pọ̀, wọ́n tóbi, wọ́n sì mọ ọjà ná.

Wọn yóò bi mí pé, Impinj ńkọ́? Ilé-iṣẹ́ Seattle tó ń ṣe ṣíìpù yìí ta ìpín rẹ̀ ní dọ́là 14 ní oṣù Keje 2016, ó sì ti kọjá dọ́là 200 ní 2024. N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo rẹ̀ gba ìgboro ní 2017, nǹkan bíi dọ́là 60 ni. Ní oṣù Kejì 2018, ó ti já sí nǹkan bí 12. Ẹni tó rà á nínú ariwo yẹn pàdánù ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún owó rẹ̀ láàárín oṣù díẹ̀. Láti 2017 títí di 2023, òfò ni ilé-iṣẹ́ náà ń kọ sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ní 2024 tó jèrè bíi mílíọ̀nù dọ́là 41, mílíọ̀nù 45 ni NXP, tí òun náà ń ṣe ṣíìpù, san fún un láti fi parí ẹjọ́ wọn lórí ẹ̀tọ́ ìhùmọ̀. Ẹ yọ owó ẹjọ́ yẹn kúrò, kí ẹ wo ohun tó kù.

Àwọn mìíràn ní kí a ra àwọn ńlá, Avery Dennison tàbí Zebra. Ìyẹn sàn, ṣùgbọ́n lébẹ̀ẹ̀lì, gọ́ọ̀mù àti ẹ̀rọ bákóòdù ni ẹ ń rà pọ̀ mọ́ ọn. Àwọn kan ní dọ́là ni, yóò gba owó wa lọ́wọ́ náírà tó ń já. Gbogbo ohun tí a bá fi dọ́là rà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí kan bọ́ǹdù ìjọba Amẹ́ríkà. Àwọn tó kù yóò rán mi létí pé ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kí olówó tó lè dúró de ọdún méje òfò má wò ó. Owó ilé ìwé ọmọ kò lè dúró bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìpín RFID lọ̀ yín, ẹ ní kó fi ìṣirò owó ilé-iṣẹ́ náà fún ọdún márùn-ún hàn yín, kó sì sọ iye tó kù lọ́wọ́ wọn lórí ṣíìpù kan. Bí kò bá lè sọ ọ́, ẹ má fún un ní kọ́bọ̀.