Bátìrì Tó Ti Gbó àti Tuntun: Ẹ Má Ṣe Dà Wọ́n Pọ̀

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti ń wá bí wọn yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ìlú Bìní. Lóòótọ́, ilé-iṣẹ́ amúnáwá Azura ti ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀bá ìlú náà láti ọdún 2018, agbára rẹ̀ sì ju mẹ́gáwáàtì 450 lọ; ṣùgbọ́n orí wáyà àpapọ̀ orílẹ̀-èdè ni iná rẹ̀ ń gbà. Nítorí náà ni sólà ṣe di ohun tí olúkúlùkù ń rà.

Díẹ̀díẹ̀ ni a sábà máa ń rà á. A ó kọ́kọ́ ra bátìrì olómi méjì. Bí owó bá tún wọlé lẹ́yìn ọdún díẹ̀, a ó ra lítíọ́mù kún un. Oníṣẹ́ a sì so gbogbo wọn mọ́ra wọn. Níbẹ̀ gan-an ni òfò ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ: bátìrì tó ti gbó kì í di iná mú, yóò sì máa fa iná lára tuntun títí òun náà yóò fi gbó láìpé ọjọ́. Ti lítíọ́mù tún le jù, nítorí ìwọ̀n fóòtì tó ń gbà kò bá ti olómi mu.

Àwọn tó ń fi ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì rìn lórí omi ti mọ ọgbọ́n yìí tipẹ́. Bátìrì tí wọ́n fi ń dá ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí àtùpà ń lò, kí wọ́n má baà há sórí omi lóru.

Kí ni kí a wá ṣe nínú ilé?

Èkíní, ẹ pín páńẹ́ẹ̀lì sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀wọ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan ní kọntróólà tirẹ̀, tí a ṣètò fún irú bátìrì náà. Bí ínfátà bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ lo súìṣì tí yóò máa mú ọ̀wọ́ kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà.

Èkejì, ẹ ṣe ìṣirò. Bátìrì olómi 200 áńpíà-wákàtí, fóòtì 12, ń gba 2,400 wáàtì-wákàtí. Kò yẹ kí a lò ju ìdajì lọ, ìyẹn 1,200. Bí oòrùn tó múná bá ràn fún wákàtí 4, páńẹ́ẹ̀lì 300 wáàtì ni ó yẹ kó tó. Ṣùgbọ́n nítorí ohun tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà, ẹ fi sí 400. Nígbà òjò, oòrùn kì í tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dín ìlò kù.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi fíúsì sí wáyà pupa ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, nítòsí bátìrì gan-an. Bí wáyà bá kanra láìsí fíúsì, ó lè gbiná.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má ṣe gbé bátìrì olómi sí yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Bó ṣe ń gba iná ni ó ń tú afẹ́fẹ́ tó lè bú gbàmù jáde. Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ni kó wà.

Ẹ bi oníṣẹ́ yín léèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí kí ó tó so wáyà kankan. Owó kọntróólà kejì kò tó owó bátìrì tuntun.