Abẹ́rẹ́ Olóko Lára Ajá Mi

Ọ̀dọ̀ ajá ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí ti bẹ̀rẹ̀. Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí ilẹ̀ sì tutù, èmi pẹ̀lú rẹ̀ a máa nasẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ní àwọn ọ̀nà oko tó wà láàrin Lálúpọn àti Ìyànà-Ọ̀fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Làgelú. Ìrìn wa a máa ya àwọn ará abúlé lẹ́nu, nítorí pé ẹni tí ó bá mú ajá wọ igbó nílẹ̀ Yorùbá, ọdẹ ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Èmi kò gbé ìbọn, n kò sì gbé àpò ọdẹ kọ́ èjìká. Ìyá àgbà kan tí ń lọ sí oko ẹ̀gẹ́ bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, kí ni ẹ̀yin àti ajá yín ń dẹ?" Mo ní òdòdó ni mo wá wò. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi sọ igbá orí rẹ̀ kalẹ̀. Bí ó bá mọ̀ pé àwọn ènìyàn a máa ti ọ̀nà jíjìn wá sí Namaqualand ní gúúsù Áfíríkà lóṣù kẹjọ àti ìkẹsàn-án, kí wọ́n lè rí bí aṣálẹ̀ ṣe ń tanná lẹ́yìn òjò, ẹ̀rín rẹ̀ ìbá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ìyá yìí ni ó mọ ohun tí èmi wá wò. Ó fi ẹsẹ̀ kan patanmọ́, ewé rẹ̀ sì pa itan mọ́ lójú wa. Ó tọ́ka sí imí eṣú, tí òdòdó rẹ̀ dà bí òwú tí a rẹ sínú aró fífẹ́. Nígbà tí Tanímọ̀la ti inú koríko jáde, ara rẹ̀ kún fún èso dúdú tín-ín-rín. Ìyá ní, "Abẹ́rẹ́ olóko ti rán aṣọ fún un." Mo wá kọjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Mo bi í léèrè orúkọ ewéko mẹ́fà tó wà lẹ́sẹ̀ wa. "Fúláwà" ni ó pe mẹ́rin, ó sì pe méjì ní "gíráàsì". Ojú kò tì í rárá. Kí ló dé tí ojú yóò fi tì í? Ohun tí a kọ́ ọ nìyẹn.

Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ mi pé Yorùbá kò ka òdòdó sí, pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni a ní fún gbogbo rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Èdè tí ó sọ pé ewéko "tanná", tí ó wo òdòdó bí iná tí a tàn, ṣé èdè tí kò lójú nìyẹn? Ẹ wo tannápoṣó, tí àwọn mìíràn ń pè ní tannápowó. Ìrọ̀lẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń là, tí oòrùn bá sì mú, yóò pa dé. Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yìí ti jókòó tì í lálẹ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé agbára ìsọlórúkọ yìí kò tíì jìnnà sí wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ewéko tí a ń fi ewé rẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ ojú ọgbẹ́ dúró ti wá, ọ̀rúndún ogún ló sì wọ ilẹ̀ wa, tó gba oko olóko. Àwọn baba wa kò dúró de ilé-ìwé kan. Àwọn kan pè é ní ewé Akíntọ́lá, àwọn mìíràn pè é ní ewé Awólọ́wọ̀. Lójú tèmi, ìjà òṣèlú ayé ìgbà náà ni wọ́n tò sórí koríko. Èdè tó yè ni í ṣe irú àwàdà bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan yóò sọ pé ìwé wà. Lóòótọ́ ni. Gbile kó orúkọ ewéko ní Yorùbá jọ ní ọdún 1984, Pierre Verger sì tẹ ìwé ńlá rẹ̀, *Ewé*, jáde ní ọdún 1995. Mo ní ìwọ̀nyí, mo sì ń lò wọ́n. Ṣùgbọ́n ìwé inú àpótí kò lè fi patanmọ́ han ọmọdé. Olùkọ́ tó bá kó ọmọ kíláàsì rẹ̀ jáde fún ìdajì wákàtí, kí ó pe ìyá àgbà kan mọ́ wọn, ti ṣe ju ìwé mẹ́wàá lọ. Ọ̀ràn náà sì ń fẹ́ ìkánjú, nítorí ilẹ̀ títà kò jẹ́ kí igbó sinmi mọ́: láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Akínyẹlé, ibi tí a bá ti rí òdòdó lọ́dún yìí lè di púlọ́ọ̀tì olódi lọ́dún tó ń bọ̀.

Òdòdó kan wà tó ga ju ènìyàn lọ, tó pọ́n bí ẹyin adìẹ nínú, tó máa ń kún ẹ̀bá títì láti Mọ́níyà lọ ní oṣù kọkànlá. Mo bi ènìyàn márùn-ún ní orúkọ rẹ̀. Mẹ́ta rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ní òdòdó òyìnbó, ọ̀kan ní kò wúlò. Ẹni tí àwọn àgbà abúlé rẹ̀ bá ní orúkọ fún un, jọ̀wọ́, kí ó fi tó mi létí, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀.