Electrode wákàtí 24

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wa kan ká mi lára, mo fẹ́ sọ ọ́ síta lónìí. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará kẹ́mísírì, ẹ má sá o, kò le.

Àwa tí à ń fi metal oxide ṣe electrode (ìyẹn irin tó ti gba oxygen sára, bíi ìpẹtà), ọ̀pọ̀ wa ló ń wá èyí tó máa fi iná ya omi sí hydrogen àti oxygen. Nínú ásíìdì, iridium oxide ló mókè. Ṣùgbọ́n gbogbo iridium tí ayé ń rí lọ́dún ò ju bíi tọ́ọ̀nù 7 sí 8 lọ, South Africa ni èyí tó pọ̀ jù ti ń wá. Kò lè kárí. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa fi yíjú sí nickel, iron àti cobalt nínú omi KOH.

Ibi tí inú ti ń bí mi rèé. Ẹ ṣí paper tó bá wù yín: lẹ́búlẹ́bú mílígíráàmù 1, iná milliamp 10 lórí sẹ̀ǹtímítà 1 níbùú lóòró, wákàtí 24, ó parí. Wọ́n á wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ó ti yẹ fún ilé iṣẹ́ ńlá. Ilé iṣẹ́ wo? Ibẹ̀, iná náà lè tó 1,000 milliamp lórí ìwọ̀n kan náà, ọdún dé ọdún. Ọdún 10 jẹ́ wákàtí 87,600. Àwọn àgbà ní kí a tó mọ̀ pé kíjìpá kì í ṣe awọ, ó di ọdún mẹ́ta. Àwa ò tiẹ̀ dúró di ọjọ́ mẹ́ta!

Ti KOH tún wá burú jù. KOH yìí, ìbátan omi eérú àwọn ìyá ọlọ́ṣẹ dúdú ni. Láti 1987 ni Corrigan ti fi hàn pé ìdọ̀tí iron bíńtín tó bá wà nínú ẹ̀ máa ń gbé nickel oxide sókè. Boettcher àtàwọn ènìyàn ẹ̀ tún fìdí ẹ̀ múlẹ̀ ní 2014. Síbẹ̀, ẹnìkan á dà á látinú ike tààrà, kò yọ iron kúrò, á wá máa yin electrode ẹ̀. Ta ló ṣiṣẹ́ gan-an, ìwọ àbí ike?

Ẹ máa ní lábù kì í ṣe ilé iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ má kọ "ilé iṣẹ́" síbẹ̀ nígbà náà. Ruthenium oxide pẹ̀lú titanium oxide tí Henri Beer gbé jáde ní àwọn ọdún 1960, wọ́n ṣì fi ń ṣe chlorine dòní, torí pé ó ń lo ọ̀pọ̀ ọdún; graphite tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ń jẹ tán díẹ̀díẹ̀ ni. Bátìrì inverter tó wúwo bí òkúta tẹ́ ẹ rà fún àwọn òbí yín nílé ńkọ́? Oxide òjé ló wà lára plate ẹ̀, iṣẹ́ Planté ará Faransé láti 1859. Ṣé màmá yín bèèrè bó ṣe ṣe ní wákàtí àkọ́kọ́? Ìgbà tó máa kú ni wọ́n ń bèèrè jàre.

Mo mọ ohun tó fà á. Wákàtí 5,000 jẹ́ bí oṣù méje, supervisor ò ní sùúrù, ẹ̀rọ kan ṣoṣo ni èèyàn mẹ́fà ń pín lò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa gbé ikú electrode wa jáde: ìgbà tó kú, àti iye irin tó yòrò sínú omi. Paper tó bá sọ pé "eléyìí ò pẹ́" lè gba ọdún kan lọ́wọ́ òfò fún ọmọ ẹlòmíì.

Tèmi wà lórí iná báyìí, nickel àti iron, 1,000 milliamp, ó ti lé ní wákàtí 900. Àná ló bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́. Tó bá kú tán, màá gbé gbogbo ẹ̀ síbí.