Èlùbọ́ ń wọ mọ́tò dé Ngwo, ìwé Yorùbá ni kò rí àyè

Ọ̀rọ̀ yìí lè korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ fún ara wa.

Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan nínú wa bá lọ sílé, ẹrù ló ń dì bọ̀. Èlùbọ́ á wà níbẹ̀, àdìrẹ á wà níbẹ̀, aṣọ ẹbí á wà níbẹ̀. Ìgbà wo la rí ẹni tó sọ̀ kalẹ̀ ní 9th Mile pẹ̀lú ìwé Yorùbá mẹ́ta lábẹ́ apá? Bíbélì wà nílé wa, Kùránì wà, ìwé orin wà. Lẹ́yìn ìyẹn ńkọ́? Òfo ni. Tí a bá sì béèrè, àwáwí mẹ́ta la máa ń gbọ́.

Àkọ́kọ́: “Kò sí ìwé Yorùbá tuntun, ti Fágúnwà nìkan ló wà.” Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni. Lóòótọ́, 1938 ni Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde, a ò sì ní fi ìwé náà ṣeré. Ṣùgbọ́n ìwé Yorùbá ti jáde kúrò nínú igbó yẹn tipẹ́. Ẹni tó fẹ́ ìtàn ọ̀daràn, kó wá Àjà Ló Lẹrù tí Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ ní 1969, kó wo bí Làpàdé ṣe ń tọ ipasẹ̀ àwọn olè. Owó Ẹ̀jẹ̀ ti Kọ́lá Akínlàdé náà wà. Ẹni tó fẹ́ ìtàn ìfẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá wà láti 1974. Ní 2024, gbogbo wa la jókòó ti fóònù tí à ń wo House of Ga'a. Mélòó nínú wa ló mọ̀ pé Adébáyọ̀ Fálétí ti kọ eré onítàn Baṣọ̀run Gáà láti 1972? Owó dátà wà fún fíìmù, owó ìwé ni kò sí.

Bó bá jẹ́ tuntun gan-an lẹ fẹ́, ó wà. Ní 2016, Kọ́lá Túbọ̀sún túmọ̀ ìtàn tí Ngũgĩ wa Thiong'o kọ nípa ìdí tí ènìyàn fi ń rìn lórí ẹsẹ̀ méjì sí Yorùbá. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá á gbádùn ẹ̀. Ní 2021, ọkùnrin yìí kan náà túmọ̀ ìwé ewì kan, ó pè é ní Ìgbà Èwe. Àwọn Àtẹ́lẹwọ́ náà ń fún àwọn tó ń kọ Yorùbá lóde òní ní ẹ̀bùn. Àwọn òǹkọ̀wé ń ṣiṣẹ́ o. Àwa tó yẹ ká rà á ni kò jí. Òǹtẹ̀wé wo ló máa tẹ ohun tí ẹnikẹ́ni ò rà?

Àwáwí kejì: “Yorùbá á ba Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mọ́ ọmọ lẹ́nu.” Ẹ rántí Ilé-Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, wọn ò kẹ́yìn àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Ìkẹta ló dùn wá jù: “À ń sọ ọ́ nílé, ó ti tó.” Kí là ń sọ nílé gan-an? Wá jẹun. Lọ wẹ̀. Pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ṣé ibẹ̀ ni ọmọ á ti gbọ́ bí wọ́n ṣe ń gbèjà ara ẹni níwájú ọba, tàbí bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí olólùfẹ́? Ẹ kọ ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sórí pátákó, kí ẹ ní kí ọmọ yín kà á. Ẹ ò ní í rẹ́rìn-ín.

Ẹ má sì retí pé ilé ìwé á bá wa ṣe é. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa fi èdè àdúgbò kọ́ ọmọ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní Ngwo, Igbo ni èdè àdúgbò, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ní 2025, wọ́n tún fagi lé òfin náà. Kí àwọn ọmọ wa ka Igbo dáadáa, kí wọ́n ka Omenụkọ ti Pita Nwana tó jáde ní 1933. A ò bá aládùúgbò jà. Ṣùgbọ́n aládùúgbò kọ́ ló máa kọ́ ọmọ wa ní Yorùbá.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí ilé kọ̀ọ̀kan ra ìwé kan lọ́dún yìí, kì í ṣe ti ìdánwò. Kí ẹnì kan ra ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, kí ẹlòmíì ra eré, kí ẹlòmíì ra ewì, ká wá máa pààrọ̀ wọn. Tí ilé mẹ́wàá bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan á ti rí ìwé mẹ́wàá kà kí ọdún tó yí po. Kí òbí náà jókòó tì í, kí wọ́n jọ kà á sókè. Aṣọ ẹbí ẹyọ kan tí a kì í wọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, owó ẹ̀ á ra ju ìwé kan lọ.

Ilé la ti ń kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Ẹ̀yin tó ń lọ sí Ìbàdàn lóṣù yìí, ẹ dín èlùbọ́ yẹn kù díẹ̀, kí ìwé lè ráyè wọ àpò.